Ẹ̀jẹ́ Tí Samruai Kò Fi Gbèdéke Sí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Samruai rò pé ọmọ rẹ̀ yóò padà wá sílé, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan àti ṣòkòtò dúdú kan, ó tẹ́ wọn sí ìsàlẹ̀ àpò tí ó máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ó sì to ìgò omi àwọn àlejò lé wọn lórí. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn. Ayọ̀ tí kò tíì tẹ ènìyàn lọ́wọ́, a kì í gbé e jó kiri àdúgbò.

Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni ó ń ṣe. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ó ti ń kó àwọn àlejò káàkiri àwọn ipadò ìlú Thonburi, àwọn odò tóóró tí àwọn baba ńlá fi ọwọ́ gbẹ́ láàárín ilé àti ọgbà, tí ń wọ inú ara wọn bí okùn inú àwọ̀n. Ilé onígi tí ó dúró lórí òpó nínú omi ni wọ́n bí i sí, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ náà ni ó bí Kop sí. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ìtumọ̀ Kop. Òjò ni ó ń rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ abẹ́ ilé ń ké débi pé agbẹ̀bí kò gbọ́ igbe ọmọ.

Bunrot, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tí Samruai dé etí omi. Òun ni ó ń tu ọkọ̀ láti ìgbà tí Kop ti fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti kọjá ẹni ọgọ́ta ọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí irin ìtukọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, òórùn dídùn kí leléyìí?" ni ó kígbe. "Àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ọkọ tuntun ni?"

"Ẹnu rẹ ò ní dára láéláé. Ta ló máa fẹ́ arúgbó bíi tèmi?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ o. Bàbá tó ń ta yìnyín lẹ́yìn ọjà ṣì ń bèèrè yín."

"Kó máa fi yìnyín rẹ̀ bọ́jú. Ṣé o ti so òdòdó mọ́ orí ọkọ̀?"

"Mo ti so ó, tuntun ni. Ìyá àìrí tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ò gbọdọ̀ bá wa jà lónìí. Kop ń bọ̀ wálé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Samruai ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ sí i lẹ́nu kí ó tó yí ojú kúrò.

Àlejò méjì ni wọ́n fún un ní ọjọ́ náà. Ọ̀kan ni ìyá arúgbó kan tí ó ti ilẹ̀ Brasil wá, Iracema ni orúkọ rẹ̀. Èkejì ni ọmọkùnrin rẹ̀, Valdir, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn onírùngbọ̀n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá Samruai sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tán nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ni wọ́n ṣe gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí ìyá náà fẹ́ wọ inú ọkọ̀, Valdir gbá a mú ní ìbàdí, ó sì gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́.

"Màmá, ẹ ti wúwo ju ìgbà tí a kúrò nílé lọ."

"Ìwọ náà wúwo nígbà tí mo gbé ọ," ni ìyá rẹ̀ fèsì, "ta ni mo fi ẹjọ́ rẹ sùn?"

Samruai bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ tí ó wà ní ìbàdí ìyá náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òjò ni òun kò ti fi ọwọ́ kan ọmọ tirẹ̀. Kop ti fá irun, ó ti wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, ó ti di ẹni ìyàsọ́tọ̀ nínú tẹ́ḿpìlì. Òfin wọn sì ni pé ọwọ́ obìnrin kò gbọdọ̀ kan ara wọn, ìbáà ṣe ọwọ́ tí ó wẹ̀ wọ́n ní ìkókó. Ṣùgbọ́n àkókò òjò ti parí. Ọ̀sán òní ni olórí tẹ́ḿpìlì mú pé ó dára fún bíbọ́ aṣọ náà. Samruai ti ṣètò rẹ̀ dáadáa nínú ọkàn rẹ̀: bí àwọn àlejò bá ń fún ẹja ní oúnjẹ ní etí omi tẹ́ḿpìlì, òun yóò wọlé lọ, Kop yóò pààrọ̀ aṣọ, inú ọkọ̀ yìí kan náà ni yóò sì bá dé ilé. Ó tilẹ̀ ti pinnu pé Kop ni yóò tu ọkọ̀ náà.

Ní tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́, wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé gogoro tí wọ́n fi àfọ́kù àwo olódòdó bò lára láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Iracema sinmi lórí àtẹ̀gùn, ó ń wo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ ọsàn tí ń gbá ewé gbígbẹ ní àgbàlá.

"Àwọn ọmọ yìí kéré," ni ó wí. "Kí ni àwọn ìyá wọn sọ?"

"Inú wọn ń dùn ni," ni Samruai dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dá gbogbo àlejò lóhùn. "Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá wọ aṣọ yìí yóò di etí aṣọ náà mú, ọmọ yóò sì fà á dé ọ̀run."

"Ọ̀run jìnnà," ni Iracema wí. "Èmi fẹ́ kí ọmọ mi fà mí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ná. Valdir, wá gbé mi!"

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti forí lé tẹ́ḿpìlì Kop, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn irin tí ìjọba fi ń sé omi ipadò ti tì mọ́ wọn lójú. Omi odò ńlá ti ga, kò sì sí ọkọ̀ tí ó lè kọjá títí yóò fi fà. Samruai dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ẹ ṣí i fún wa o!" ni Bunrot kígbe sí ọkùnrin tí ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn náà. "Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ gba ọmọ rẹ̀!"

"Omi ló ga, kì í ṣe èmi ni mo gbé e sókè," ni ọkùnrin náà dáhùn láti òkè. "Ẹ jókòó, ẹ jẹ ẹ̀pà. Ọmọ tó ti wà níbẹ̀ látìgbà òjò ò ní sá lọ lọ́sàn-án yìí."

Wọ́n dúró. Awọ́nrínwọ́n kan lúwẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́bàá ọkọ̀, Valdir sì ń ya fọ́tò rẹ̀. Ní ìwọ̀n ibi tí ọkọ̀ wọn dúró sí yìí ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí Kop ní ọdún tí ó kọjá. Okùn ọkọ̀ alágbọn kan ni ó lọ́ mọ́ irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì wọn, Kop sì bọ́ sínú omi láti gé e. Bí ó ti ń yọ orí jáde ni ọkọ̀ ńlá kan sáré kọjá, ìgbì rẹ̀ gbé ọkọ̀ wọn sókè, ó sì fi irin náà gbá Kop lórí. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sùn, kò jí. Dókítà kan tí ó jẹ́ onínúure sọ fún Samruai pé kí ó pe àwọn ẹbí.

Kò pe ẹbí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà ni ó ti kúnlẹ̀, tí ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, tí ó kọjú sí ìhà ibi tí ère Búdà ńlá tẹ́ḿpìlì àdúgbò wọn wà, tí ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Gbogbo ará ipadò ni ó mọ bí a ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹni tí yóò fi ẹyin sísè dúpẹ́ yóò sọ iye ẹyin. Ẹni tí yóò gbé oníjó wá yóò sọ iye oníjó. Ẹni tí yóò sì fi ọmọ rẹ̀ wọ aṣọ ọsàn yóò sọ bóyá ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, tàbí àkókò òjò kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe oṣù mẹ́ta. Ìyá tí ó bí Samruai ti kìlọ̀ fún un láti kékeré pé ẹni tí ó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ tí kò dá ààlà sí i, ó fi ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu lọ sí oko ni. Ó mọ̀ ọ́n. Àwọn àlejò pàápàá, ó máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ẹ̀rù ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Ẹ dá a sí. Tiyín ni."

Kop sì jí. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, Samruai ní kí ó lọ lo àkókò òjò kan nínú tẹ́ḿpìlì láti fi dúpẹ́. Ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé àkókò òjò kan ni. Ó sọ ọ́ títí tí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́.

Nígbà tí omi fà tí ìlẹ̀kùn ṣí, Bunrot sáré bí ẹni tí iná ń lé. Ní etí omi tẹ́ḿpìlì, Samruai ra búrẹ́dì fún àwọn àlejò, ó fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹja àrọ̀ ńláńlá tí wọ́n ń gun ara wọn lórí nítorí èérún, ó sì gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Obìnrin arúgbó kan tí ń to òdòdó òṣíbàtà sínú ìkòkò ní ẹnu ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ rí i.

"Samruai! O kú oríire o!"

"Oríire kí ni, Màmá?"

"Ṣé o fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni? Ọmọ rẹ ò bọ́ṣọ mọ́! Ó ń bá Bàbá àgbà aláṣọ ọsàn lọ sínú igbó lápá àríwá lónìí, níbi tí wọ́n ti ń jókòó ṣàṣàrò láìsọ̀rọ̀. Irú èyí ò wọ́pọ̀ mọ́ láyé yìí. Ìwọ ti dé ọ̀run tán. Má gbàgbé wa níbẹ̀ o!"

Samruai rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà ní ìlú náà pé ìyá tí ó bá sunkún lórí aṣọ ọsàn ọmọ rẹ̀ ń da omi ẹlẹ́gbin sí oore náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ arúgbó náà, ó bọ́ bàtà, ó sì wọlé.

Kop jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ère Búdà ńlá, orí rẹ̀ ń dán, àpá ibi tí irin ti gbá a sì gba àárín rẹ̀ kọjá bí ipa ọ̀nà tí ẹsẹ̀ là sínú koríko. Samruai kúnlẹ̀, ó sì forí kan ilẹ̀ fún ọmọ tí ó bí. Ọmọ náà kò dá ìkíni padà, nítorí kò tọ́ fún un bẹ́ẹ̀.

"Ẹni ọ̀wọ̀," ni Samruai wí, "ọkọ̀ wà létí omi. Aṣọ yín wà nínú àpò. Ẹ jẹ́ ká lọ kí omi tó tún ga."

"Ìyá olóore," ni Kop fèsì, bí àwọn aláṣọ ọsàn ti ń pe ìyá wọn, "ẹ jókòó dáadáa. Orúnkún yín á dùn yín."

"Orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ níta?"

Kop wo ilẹ̀. "Òótọ́ ni. Èmi ni mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín. Àwọn arúgbó tẹ́ḿpìlì yìí, ẹnu wọn ò nílẹ̀kùn."

Bí ó ti máa ń sọ̀rọ̀ nílé gan-an nìyẹn. Ohùn náà gún Samruai ní àyà, gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó ti kó jọ sí ẹnu sì fọ́n ká.

"Kop, má bá mi ṣeré. Àkókò òjò kan la sọ, gbogbo ipadò ló gbọ́. Ọwọ́ Bunrot ń gbọ̀n, o mọ̀. Mo ti ra ẹja, mo ti lọ ata. Dìde, wọ aṣọ rẹ, jẹ́ ká lọ sílé."

"Ní ilé ìwòsàn," ni Kop wí jẹ́jẹ́, "gbogbo yín rò pé mi ò sí níbẹ̀. Mi ò lè lajú, mi ò lè gbé ìka, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ ní, 'Ẹ dá a sí, tiyín ni.' Ẹ ò dárúkọ oṣù, ẹ ò dárúkọ ọdún. Ní gbogbo òjò yìí, bí mo bá ti pajú dé, ohùn yẹn ni mo ń gbọ́."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí! Ta ló ń ka ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ nínú ẹ̀rù sí ọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó dá mi sí kà á."

Láti ìta ni ẹ̀rín Iracema ti ń dún wọlé, àti ariwo omi tí àwọn ẹja ń lù.

"Kì í ṣe nítorí ẹ̀jẹ́ nìkan," ni Kop tún wí. "Ọkàn mi balẹ̀ níbí ju ibikíbi tí mo ti gbé rí. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ni ìyá mi. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti dá gbèdéke sí i níbòmíràn tí mi ò gbọ́, bóyá nílé, bóyá níwájú Búdà yìí, ẹ sọ. Màá bọ́ aṣọ yìí báyìí. Ẹnu yín nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Irọ́ náà ti jókòó sórí ahọ́n Samruai. Kò gùn rárá: oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ méjì péré, ọmọ yóò sì dìde. Ó rí ẹní tí ó ṣófo nínú yàrá Kop, ó rí ara rẹ̀ tí ó ń dá jẹun ní ẹnu àtẹ̀gùn tí ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi. Ó gbé ojú sókè sí Búdà ńlá náà. Ojú ère náà kò là tán, kò sì pa dé tán. Bí ó bá fi irọ́ gba ọmọ náà padà lọ́wọ́ ẹni tí ó fi í fún, tí omi bá tún gbé irin sókè, ta ni yóò tún lọ bẹ̀? Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ a fọ́. Tirẹ̀ ti balẹ̀ láti ọdún tí ó kọjá, òun ni kò tíì bojú wo ilẹ̀.

"Mo sọ pé..." ni ó bẹ̀rẹ̀.

Kop gbé orí sókè.

"Mi ò sọ ohun mìíràn," ni Samruai wí. "Ohun tí ẹ gbọ́ náà ni mo sọ. Mi ò dá gbèdéke kankan."

Kop pa ojú dé. Samruai rí i tí ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, tí ó sì padà sílẹ̀, ìgbà náà ni ó mọ̀ pé apá kan nínú ọmọ náà ti ń retí èsì kejì. Ohun tí ó rí yìí dùn ún ju gbogbo ohun tí ó ti gbọ́ lọ. Ì bá dára kí ó má tilẹ̀ rí i.

Wọ́n fọn fèrè ọkọ̀ kan ní ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì. Bàbá àgbà ti ṣe tán. Kop tẹ́ aṣọ kékeré kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí obìnrin bá fẹ́ fún wọn ní nǹkan. Samruai tú àpò rẹ̀ wò pẹ̀lú ìkánjú. Ẹja wà nílé, ata wà nílé. Kò sí ohun tí ó lè fún un bí kò ṣe ìgò omi àwọn àlejò. Ó gbé ọ̀kan lé etí aṣọ náà, ó sì mú ọwọ́ kúrò kíákíá kí ó má baà ṣèèṣì kan ìka ọmọ rẹ̀. Kop fa aṣọ náà sọ́dọ̀.

"Kí ara yín le, Ìyá olóore. Kí ọkàn yín balẹ̀."

"Ẹni ọ̀wọ̀," ni Samruai wí, "òtútù igbó àríwá pọ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó fẹ́ sí yín lórí."

Kop rìn jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò bojú wẹ̀yìn. Bí wọ́n ti ń kọ́ wọn nìyẹn.

Nígbà tí Samruai padà dé etí omi, Bunrot ti dìde kúrò níbi ìtukọ̀, ó ti nu àyè náà mọ́, ó sì ti bọ́ sí ìjókòó iwájú bí ẹni tí yóò jẹ́ èrò láti ọjọ́ náà lọ.

"Ọmọ dà?"

"Tan ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní ọmọ dà?"

"Bunrot, mo bẹ̀ ọ́. Tan ẹ́ńjìnnì."

Bunrot wo ojú rẹ̀. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn àlejò kọjá lọ sí ìdí ọkọ̀, ó sì pẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ kí ó tó fa okùn. Gbogbo ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì náà ni ó ń ṣe agídí.

Tẹ́ḿpìlì kan ṣì kù tí àwọn àlejò ti sanwó rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń lọ. Inú Iracema ń dùn. Ó sọ bí ẹja kan ti fẹ́ gé òun ní ìka, ó sọ bí Valdir ti fẹ́ ṣubú sínú omi nítorí fọ́tò. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún Samruai gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ti máa ń ṣe.

"Ìyáàfin, láti àárọ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ nípa èmi àti ọmọ mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ bímọ?"

"Mo bí ọ̀kan," ni Samruai wí. "Ọkùnrin ni."

"Ó dára! Ibo ló wà?"

Samruai la ẹnu láti dá a lóhùn. Ó wá ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo èdè tí ó gbọ́, kò rí i, ọkọ̀ sì ti ń súnmọ́ ibi tí ipadò ti yà. Ó na ọwọ́ síta lórí omi.

"Ẹ wo apá òsì yín," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ga ju bí ó ti yẹ lọ. "Tẹ́ḿpìlì tí ẹ ń wò yìí, àwọn oníṣòwò àgbọn ni wọ́n kọ́ ọ. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí àwọn agogo kéékèèké tí wọ́n so mọ́ etí rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ máa wò ó."

Ìyá àti ọmọ yí ojú sí òsì, wọ́n sì ń wò ó, títí tí Samruai fi nu ojú rẹ̀ tán.